Ìlú tí mo yà sínú Neverwinter Nights tóbi, àwọn ènìyàn kò sì rí ara wọn níbẹ̀

Akọ́lé-Òru

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ya máàpù fún géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ìlú kan tí mo ti ń kọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo gbé wá, nítorí pé ó ti rú mi lójú, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí là mí lọ́yẹ̀.

Àwa mẹ́rìnlá ni a jọ ń gbá Neverwinter Nights, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti ń darí akọni kan nínú ayé idà àti idán, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan nínú wa wà ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn mẹ́ta wà ní London, ẹnì kan sì wà ní Houston, tí a máa ń dúró dè nítorí pé ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ tirẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú níbí. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé géèmù tó jáde ní ọdún 2002 ni a ṣì dì mú. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára lè gbé e, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tí iléeṣẹ́ Beamdog gbé jáde ní 2018 sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ òde òní. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Aurora Toolset, irinṣẹ́ ìyà-máàpù tí BioWare, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ayé tirẹ̀, kí ó kọ òfin tí ayé náà yóò máa tẹ̀ lé, kí ó sì gbé e sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa, fún àwọn ẹlòmíràn láti wọlé.

Ìlú Yorùbá àtijọ́ ni mo fẹ́ kọ́: ìlú olódi tó ní yàrà lẹ́yìn odi, ààfin, ọjà, àti agbo ilé. Mo fi agbègbè mẹ́fà ṣe é, mẹ́ta ní ìbú, méjì ní òró, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ tí Toolset gbà, ìyẹn táìlì 32 ní ìbú àti 32 ní òró (táìlì ni àwọn ègé ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí a fi ń to máàpù). Ààfin wà ní igun àríwá lórí òkè, ọjà wà lẹ́bàá bodè ìlà-oòrùn, ilé àlejò tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń bá ara rẹ̀ sì wà ní gúúsù pátápátá. Mo to ilé tó lé ní 100, mo sì da àwọn ará ìlú bí 200 sí i, àwọn tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń darí, kí ìlú má baà dá páropáro.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ń lo ìlú náà. Bí wọ́n bá ti wọlé, inú ilé àlejò ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ẹnì kan bá ní òun wà lọ́jà, ẹni tó ń wá a lọ yóò ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì padà sí ilé àlejò láti lọ dúró de ìpè. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ìrìn àjò láti ibẹ̀ dé ààfin dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rin láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́níyà. Lọ́nà kejì, bí a bá ti tó mẹ́jọ nínú ìlú, sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹni tó gbé idà sókè yóò dúró bí ère kí idà náà tó balẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ilé mi ló fà á, nítorí náà mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo ń sanwó fún lókè òkun, èyí tó kúkú gbà mí lọ́wọ́ iná tó ń lọ nígbà tí ogun bá gbóná. Síbẹ̀ sáfà ń wọ́.

Ṣé kí n fi pátákó sí gbogbo oríta ni? Ṣé kí n ṣe ẹnu ọ̀nà tó máa gbé ènìyàn láti ibì kan sí ibòmíràn lójijì? Àbí máàpù náà gan-an ni kò dára?

Oníbodè

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ́lé-Òru. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ìlú yín. Táìlì kan jẹ́ mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà agbègbè onítáìlì 32 jẹ́ mítà 320. Ẹni tó ń sáré nínú géèmù yìí, tí kò lo oògùn tàbí bàtà tó ń mú ẹsẹ̀ yá, ń sá mítà 4 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 80 láti etí kan agbègbè náà dé etí kejì, bí ọ̀nà bá tọ́ gbọọrọ. Agbègbè mẹ́ta tí ẹ tò sí ìbú jẹ́ mítà 960, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, láìka àsìkò tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé agbègbè tuntun wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ọ̀nà yín kò sì lè tọ́, nígbà tí ilé tó lé ní 100 wà láàrin.

Bí ẹ bá pín ilẹ̀ tí ẹ yà yìí fún ẹ̀yin mẹ́rìnlá, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní mítà onígun mẹ́rin 43,000, tí pápá bọ́ọ̀lù mẹ́fà yóò wọ inú rẹ̀. Ta ni yóò bá ẹlòmíràn pàdé níbẹ̀ láìṣàdéhùn? Èmi kì í fi táìlì wọn ìlú mọ́ láti ìgbà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi lórí sáfà tí mo ń tọ́jú. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi pé, bí ẹni méjì bá fẹ́ fojú kanra, báwo ni yóò ti pẹ́ tó? Fún ènìyàn mẹ́rìnlá, èmi ò ní jẹ́ kí ó kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 40 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìyẹn táìlì 16. Bí ènìyàn bá pọ̀ sí i lọ́la, ẹ lè fi àdúgbò kún un. Ìlú tòótọ́ náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti sáfà, ilẹ̀ tó fẹ̀ kọ́ ló ń fa wíwọ́ yẹn. Gbogbo agbègbè ni sáfà ti máa ń kó sí orí nígbà tí ẹ bá tàn án, ilẹ̀ tó ṣófo kì í sì í béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará ìlú yín tó tó 200 ni mo fura sí. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní script, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún géèmù, tí a ń pè ní heartbeat, tí géèmù ń ké sí ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa wá ibi tí yóò lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, sáfà ní láti wá ọ̀nà fún un láàrin ilé, àgbá, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹ tò síbẹ̀, yóò sì ṣe èyí fún igba ènìyàn. Géèmù náà mọ bí a ti ń dín ìrònú àwọn ẹ̀dá kù ní agbègbè tí kò sí ẹni tó ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ohunkóhun sí heartbeat ti módù (gbogbo ayé tí ẹ yà) lápapọ̀, èyí tí kì í sinmi yálà ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìdínkù yẹn kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ kọ síbẹ̀?

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi kì í to ará ìlú kankan sínú Toolset, àfi àwọn bí oníbodè àti alágbẹ̀dẹ tí a mọ̀ mọ́ ojú kan. Àwọn yòókù, OnEnter ti agbègbè náà, ìyẹn script ìwọlé rẹ̀, ni yóò dá wọn nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá wọlé, a ó sì pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde. Ènìyàn 25 tí a tò dáadáa sí àyíká ojú ọ̀nà yóò mú kí ìlú hó ju 200 tó fọ́n káàkiri lọ.

Ẹ gbàgbé pátákó. Mo ti fi sí i rí, ẹni tó ń sáré kò kà á. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbé ènìyàn fò náà, mo kà á sí ìjẹ́wọ́ pé ẹni tó ya ìlú kò fẹ́ kí a rìn nínú rẹ̀.

Awọnlẹ̀

Ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ mi, géèmù ni mo fi ń sinmi, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àlàyé Oníbodè lórí ìwọ̀n tọ̀nà, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ lè dín ìlú náà kù sí ìdajì kí àwọn ènìyàn sì tún máa ṣìnà síbẹ̀, nítorí pé ètò rẹ̀ kì í ṣe ètò ìlú Yorùbá. Ẹ gbé ààfin sí igun lórí òkè, ẹ sì gbé ọjà sí ẹnu bodè. Ìlú àwọn Òyìnbó àtijọ́ tó kún inú irú géèmù yìí ni ẹ̀ ń rí lójú inú, ẹ kàn fún un ní orúkọ wa ni.

Ààfin ni ìdí ìlú, iwájú ààfin sì ni ọjà ọba máa ń wà. Àkẹ̀sán wà nítòsí ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ẹnuwá ni gbangba iwájú ààfin, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀nà ń já sí. Kódà ní Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ ogun, Ọjà'ba ni gbogbo ìlú yí ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìba Olúyọ̀lé ni orúkọ ọjà náà ti wá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rò pé ọba ni. Bodè kọ̀ọ̀kan ń dojú kọ ìlú kan lókèèrè, ọ̀nà tó sì gba bodè náà wọlé ń lọ tààrà sí ààfin. Àlejò tó bá gba bodè èyíkéyìí wọlé kò nílò kí a fi ọ̀nà hàn án, bí kò bá ti yà sí ẹ̀gbẹ́, yóò já sí ọjà. Ohun tí máàpù yín nílò gan-an nìyí: bodè mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin, ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti pàdé. Ẹ gbé ibi tí ẹni tuntun ti ń wọ inú géèmù kúrò ní ilé àlejò, kí ẹ fi sí àárín ọjà. Ẹni tó ti wọlé rí lè máa jí níbi tó sùn sí, àṣẹ tí a ń pè ní SetCampaignLocation yóò bá yín tọ́jú èyí.

Ìṣòro kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú géèmù tí a fi ojú ẹ̀dá náà gan-an wo ayé, ẹ lè kọ́ ààfin tó ga, kí gbogbo ènìyàn máa fi òrùlé rẹ̀ mọ ọ̀nà. Nínú Neverwinter Nights, òkè ni a ti ń wo ilẹ̀, ojú wa kì í sì í sábà kúrò lára ẹ̀dá tí à ń darí àti ohun tó yí i ká. Òrùlé kọ̀bì ààfin yín lè wuni títí, ẹni tó wà ní mítà 80 sí i kò ní rí i. Àmì tí yóò ràn yín lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tàbí ní etí.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀nà ọba yàtọ̀ pátápátá sí ilẹ̀ àdúgbò, kí ó fẹ̀ tó táìlì méjì, kí ẹ má sì ṣe lo irú ilẹ̀ yẹn níbòmíràn rárá. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn àgbàlá àti gbangba kan, wọ́n to wọ́n ní ìdúró títí ó fi ní ọnà lára. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé òun kò sí lẹ́yìnkùlé ẹnì kan mọ́.

Ní ti etí, ariwo ọjà ni mo fẹ́ kí ẹ lò. A máa ń gbọ́ ọjà kí a tó rí i. Toolset fún yín ní àwọn ohun tó ń dún tí ẹ lè gbé kalẹ̀ sí ojú kan, kí ẹ sì sọ bí ìró wọn yóò ti lọ jìnnà tó. Ẹ gbé ariwo èrò sí àárín ọjà, kí ó máa dún tó mítà 60, òòlù alágbẹ̀dẹ sí ọ̀nà bodè kan, adìyẹ àti ewúrẹ́ sí òmíràn. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ènìyàn yín yóò máa sọ pé "yà ní ibi tí òòlù ti ń dún", wọn kò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ilé tó lé ní 100 náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mẹ́ta tí kò ṣí kò ní ti ẹ̀kẹrin wò. Ẹ kó ilé yín jọ sí agbo ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sí àgbàlá, kí ó sì jẹ́ ilé ìjòyè tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ògiri lásán ni ìyókù, kí ó sì hàn pé ògiri lásán ni.

Ọdẹ-Ìjù

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọjà àti ààfin, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí Akọ́lé-Òru bá gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, yóò kó ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn lọ sí gbogbo ayé rẹ̀. Ìlú àti ìjù kò lè jọ lo ìwọ̀n kan náà. Inú ìlú ni a ti ń wá ara wa. Ẹni tó bá jáde sí igbó, ohun tí igbó náà yóò ṣe fún un ni kí ó mú un rò ó wò bóyá òun yóò lè padà. Ní tèmi, mi ò ní dín igbó kù ní táìlì kan lára 32.

Àwọn ìlú àtijọ́ fúnra wọn mọ èyí. Lẹ́yìn odi àti yàrà, wọ́n máa ń fi igbó kìjikìji sílẹ̀ láìgé, igbó ilé ni wọ́n ń pè é, kí ẹṣin ọ̀tá má baà rí àyè sáré wá sí ẹsẹ̀ odi. Ẹ lo igbó ilé yín gẹ́gẹ́ bí agbègbè kejì, kí ojú ọ̀nà inú rẹ̀ máa wọ́, kí kùrukùru rẹ̀ sì nípọn. Ẹ tún wo Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, tí ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní àwọn ibì kan. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ irú yàrà bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan ju ewé àti ògiri amọ̀ lọ. Táìlì tí a lè gbé sókè tàbí kí a rẹ̀ sílẹ̀ wà nínú àwọn táìlì ìgbèríko, ẹ lè fi ya yàrà tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀. Ìyẹn yóò fún yín ní ọ̀nà àbùjá fún àwọn tó gbọ́n, àti ibùba fún àwọn ọlọ́ṣà.

Kí sísọnù má baà di ìyà, ẹ fi odò kan ṣe òfin. Gbogbo odò kékeré inú igbó náà gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sí adágún kan náà nísàlẹ̀ bodè. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọnù lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò ṣàkíyèsí rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ fún àwọn tó kù bí àṣírí ọdẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún etí máàpù o. Géèmù yìí yóò jẹ́ kí ènìyàn rìn dé etí agbègbè kí ó sì dúró lójijì bí ẹni tó fi orí gbá gíláàsì, àfi bí ẹ bá fún un ní ìdí: àpáta, omi, igi tó sú pọ̀. Mo ti rí máàpù tó dára tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ohun kan tí kò sí ẹni tó béèrè, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: ẹ ó fẹ́ kó hak, àpò àwòrán àti ohun èlò tí kò bá géèmù náà wá, wọlé kí òrùlé lè jọ ti wa. Ẹ rò ó dáadáa. Nínú ẹ̀dà tuntun, NWSync máa ń gbé e wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń wọlé, kò dà bí ti àtijọ́ tí oníkálukú ní láti wá hak náà kí ó sì gbé e sí fódà tó yẹ. Ẹni tó wà ní London kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wọlé, ẹni tó ń ra dátà ní Ìbàdàn yóò mọ̀. Èmi yóò kọ́kọ́ lo ohun tó bá géèmù náà wá, kí n rí i bóyá ìlú náà ń ṣiṣẹ́, kí n tó ronú nípa òrùlé.

Akọ́lé-Òru

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Awọnlẹ̀ ta mí lára díẹ̀, n kò ní purọ́, nítorí pé ẹ̀yìn Màpó nítòsí Ọjà'ba ni wọ́n bí mi sí, mo sì tún gbé ọjà lọ sí ẹnu bodè.

Oníbodè, ẹ fura síbi tó yẹ. Mo kọ script kan sí heartbeat ti módù tó ń ka gbogbo ará ìlú 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n lè lọ sílé. Wákàtí kan inú géèmù jẹ́ ìṣẹ́jú méjì lọ́dọ̀ wa. Ó jẹ́ pé nǹkan bí ìgbà 20 ni mò ń béèrè lọ́wọ́ igba ènìyàn láàrin wákàtí kan bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Mo ti yọ ọ́.

Ẹ fún mi ní àyè, n ó padà wá jẹ́ àbọ̀.

Akọ́lé-Òru

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo fi ìlú àtijọ́ pamọ́, mo sì ya òmíràn láti ilẹ̀. Agbègbè kan ṣoṣo ni ìlú wà nísinsìnyí, táìlì 20 ní ìbú àti ní òró. Mo mọ̀ pé Oníbodè ní 16, ṣùgbọ́n odi àti agbo ilé mẹ́fà kò gbà mí láyè. Láti bodè èyíkéyìí dé àárín ọjà kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 30, mo fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n. Igbó ilé jẹ́ táìlì 32, gbogbo odò inú rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ibì kan náà. N kò tíì sọ fún ẹnì kan.

Ní Sátidé tó kọjá, àwa mọ́kànlá ni a wọlé. Ẹni tó wà ní Houston ló dé kẹ́yìn, kò béèrè ibi tí a wà, ó kàn rìn wá bá wa níwájú ààfin nígbà tí à ń ná ọjà. Sáfà kò wọ́ rárá fún wákàtí àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjàngbọ̀n dé. Mo ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín, OnEnter ló ń dá àwọn oníṣòwò. Nígbà tí mo fi ìsọ̀ tuntun méjì kún ọjà tí mo sì tún script náà kọ, a rí ìyá aláta kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà ìyá aláta ti bo gbogbo ojú ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà ààfin, gbogbo wọn ń kí wa káàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará London rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Sáfà kú kí n tó rí ojú rẹ̀. Níbo ni mo ti ṣe àṣìṣe?

Oníbodè

Ẹ̀rín pa mí, ẹ má bínú. OnEnter kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ènìyàn àti ẹ̀dá tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ìyá aláta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ti wọ agbègbè náà pẹ̀lú, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ti ké sí script náà, script náà sì tún dá ìyá aláta mìíràn. Ó dájú pé ìlà tó ń dí èyí lọ́wọ́ wà nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ, tí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí ẹ ń tún un kọ.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú script náà gbọ́dọ̀ mú ohun tí àṣẹ GetEnteringObject bá fún yín, ìyẹn ẹni tó wọlé, kí ó fi GetIsPC yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ènìyàn tó ń gbá géèmù ni, kí ó sì dúró níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi SetLocalInt sàmì sí agbègbè náà pé ọjà ti ná, kí script náà má baà tún dá àwọn oníṣòwò nígbà tí ẹni kejì bá wọlé. Nígbà tí ènìyàn bá jáde, ẹ má pa àwọn oníṣòwò rẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn lè kàn yọjú sí igbó kí ó sì padà. Ẹ lo DelayCommand, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó ka iye ènìyàn tó kù ní agbègbè náà, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni kí ó pa wọ́n rẹ́ kí ó sì yọ àmì náà kúrò. Ẹ rántí pé GetIsPC ka DM (olùdarí eré) náà sí ènìyàn: bí ẹ bá wọlé gẹ́gẹ́ bí DM láti yẹ ọjà wò lóru, ọjà yóò ná fún ẹ̀yin nìkan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da módù yẹn kọ sí orúkọ mìíràn. Toolset kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Awọnlẹ̀

Inú mi dùn sí ẹni tó wà ní Houston yẹn ju bí mo ti lè sọ lọ. Ní ti táìlì 20, ẹ kò jẹ̀bi, odi gbọ́dọ̀ ní àyè.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé alẹ́ inú géèmù yín yóò máa dé ní ẹ̀ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú 48, ẹ ṣe ọjà alẹ́. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ àwọn táìlì ojú ọ̀nà kù títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn, kí ẹ sì gbé àtùpà kan sí iwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọsàn, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má tàn kọjá orí àtẹ. Ẹni tó bá ti inú igbó ilé wọ bodè ní wákàtí yẹn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo, bí ó bá sì ti ń sún mọ́ ọn ni àtùpà yóò máa yọ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.